Awò Ọ̀nà Jíjìn Lọ́wọ́ Ọdẹ Tó Dá Nìkan Gun Òkè

Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Swarovski ti orílẹ̀-èdè Austria gbé awò ọ̀nà jíjìn kan jáde fún àwọn tó ń gun òkè. Ìwọ̀n rẹ̀ kò pé kìlógíráàmù kan, ìfúyẹ́ yìí gan-an ni wọ́n sì fi polówó rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ lè béèrè pé kí ni ọgọ́rùn-ún gíráàmù já mọ́ tí ọdẹ yóò fi máa ṣírò rẹ̀. Ìtàn kan wà lẹ́yìn ìṣirò náà, ó sì kan ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ìránṣẹ́ bí ó ṣe kan ọ̀rọ̀ awò.

Ọdẹ ilẹ̀ wa kò fi bẹ́ẹ̀ nílò irú ohun-èlò yìí. Nínú igbó kìjikìji, igi kì í jẹ́ kí ojú ríran jìnnà. Etí àti iná orí ni ọdẹ òru gbẹ́kẹ̀ lé. Orí òkè tí kò ní igi ni awò ti wúlò, níbi tí ẹranko ti lè rí ènìyàn lókèèrè kí ènìyàn tó rí i.

Hans Lippershey, tó ń ṣe awò ojú ní ìlú Middelburg ní ilẹ̀ Hóláǹdì, tọrọ ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba fún awò ọ̀nà jíjìn ní ọdún 1608. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Galileo ti kọjú tirẹ̀ sí ọ̀run. Nínú awò ayé ìgbà náà, àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè a máa yí ohun tí a ń wò ká, títí John Dollond fi gba ìwé-àṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1758 fún awò tó pa oríṣi gíláàsì méjì pọ̀ láti dín àwọ̀ náà kù. Ọ̀pá idẹ gígùn tó ń wọnú ara rẹ̀ di ohun-èlò àwọn atukọ̀ ojú omi àti àwọn ọ̀gágun, kó tó dé ọwọ́ ọdẹ.

Òkè Sikọ́tíláǹdì ló ti di irinṣẹ́ ọdẹ pọ́ńbélé. Ní 1852, Albert ọkọ Ọbabìnrin Victoria ra ilẹ̀ Balmoral, ọdẹ àgbọ̀nrín sì di àṣà àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí àríwá. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń dọdẹ lé lórí ni wọ́n ti lé àwọn àgbẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ nítorí àgùntàn, kí àgbọ̀nrín tó wá gba ipò àgùntàn. Ọ̀gá kì í sábà gbé awò. Ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n gbà síṣẹ́ ló ń gbé e. Yóò fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí koríko, yóò fi ọ̀pá tàbí orúnkún gbé awò ró, yóò sì wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà títí yóò fi mọ akọ tó yẹ ní pípa. Òun náà ni yóò mú ọ̀gá rákò dé ìtòsí ẹran. Iṣẹ́ ọ̀gá kò ju kó yìnbọn lọ. Ẹṣin kékeré ló ń gbé òkú ẹran wálé. Ta ni yóò wá ka ìwúwo awò idẹ sí, nígbà tó jẹ́ pé èjìká ẹlòmíràn ló wà? Orí àgbọ̀nrín tí wọ́n sì gbé kọ́ sára ògiri, orúkọ ẹni tó yìnbọn ló ń jẹ́, kì í ṣe orúkọ ẹni tó ríran.

Ogun ló jẹ́ kí ìjọba mọ iye tí ojú yẹn tó. Ní oṣù kìíní ọdún 1900, nígbà Ogun àwọn Bóà ní Gúúsù Áfíríkà, Lord Lovat kó àwọn ọmọ òkè wọ̀nyí jọ sínú ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Lovat Scouts. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, a tún fi wọ́n ṣe alóre ní ilẹ̀ Faransé, Hesketh-Prichard sì yìn wọ́n gidigidi nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1920.

Nígbà tó yá, awò bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ignazio Porro, ará Ítálì, ti rí i ní 1854 pé gíláàsì onígun lè ká ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ kò, kí ọ̀pá má baà gùn mọ́. Ní 1935, Alexander Smakula ti ilé-iṣẹ́ Zeiss ní Jámánì wá ọ̀nà láti kun ojú gíláàsì. Èyí ṣe pàtàkì ju bí a ti ń rò lọ. Ojú gíláàsì tí a kò kùn ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá la irú ojú bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá kọjá, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti ṣòfò. Láti ìgbà náà ni awò kékeré ti lè ṣe iṣẹ́ tó yanjú.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Alaska, níbi tí ọdẹ tó jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ náà ti lè dá nìkan lépa àgùntàn igbó tí a ń pè ní Dall. Òun ni ọ̀gá, òun ni ìránṣẹ́, òun náà sì ni ẹṣin. Àgọ́, oúnjẹ, ìbọn àti awò, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn wà, ẹran yóò sì tún kún un nígbà ìpadàbọ̀. Ní ibi púpọ̀, òfin ní kò gbọ́dọ̀ pa àgbò àfi tí ìwo rẹ̀ bá ká yípo tán, tàbí tí ìwo méjèèjì bá ti ṣẹ́, tàbí tí ó bá ti tó ọdún mẹ́jọ. Òrùka tí òtútù ọdọọdún ń fi sára ìwo ni a fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀, kí a tó yìnbọn.

Nítorí náà kò lè fi awò sílẹ̀ nílé. Awò tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 80 ń gba ìmọ́lẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti mìlímítà 55 lọ, ṣùgbọ́n òmíràn nínú wọn ń wọ̀n tó kìlógíráàmù méjì. Lójú tèmi, ti kékeré tó fún un: oṣù kẹjọ ni ọdẹ náà ń bẹ̀rẹ̀, òkùnkùn kì í sì í tètè ṣú níbẹ̀ lásìkò yẹn. Èyí tó gún régé ni mo fara mọ́ ju èyí tó tẹ̀ lọ́rùn lọ, nítorí ó yá láti fi bá ẹran pàdé. Èyí tó tẹ̀ lọ́rùn rọrùn fún ẹni tó ń gbójú sókè, ó sì dára bí ènìyàn méjì bá ń pín awò lò, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ta ni ẹni tó dá wà yóò ti rí ẹnìkejì? Ní ti ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àwọn kan ń fi í sílẹ̀, wọ́n ń so ọ̀pá ìrìn méjì pọ̀ láti gbé awò ró bí ará Sikọ́tíláǹdì àtijọ́. Ìyẹn tó láti fi wá ẹran. Bó bá di kíka òrùka ìwo, ọwọ́ a máa gbọ̀n, afẹ́fẹ́ a máa fẹ́, òrùka méje a sì dà bí mẹ́jọ.