I. B. Thomas àti Ìròyìn Ìgboro Èkó

Bí a bá dárúkọ ìwé ìròyìn ní èdè Yorùbá, èyí tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Òun ni àkọ́kọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn òyìnbó ajíhìnrere ni ó wà, ó sì kógbá sílé ní 1867. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn ṣe fi kálàmù wá oúnjẹ òòjọ́, tí wọ́n ń kọ ohun tí ojú wọn rí ní àdúgbò wọn, Èkó ti nǹkan bí ọdún 1920 síwájú ni yóò yà sí.

Èkó kò rọgbọ nígbà náà. Òfin ìṣèlú tuntun ti 1922 fún àwọn ará ìlú díẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, ìdìbò náà sì wáyé ní 1923. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn ká bẹ́ sílẹ̀ ní 1924. Ní 1925 ni ìjọba yọ Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ lórí oyè, tí wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù kí Ọba tó padà wálé ní 1931. Ìlú tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ báyìí kò lè ṣaláìní akéde. Adéoyè Dẹ́nígà gbé Èkó Àkéte jáde ní 1922, E. A. Akíntàn tẹ̀ lé e pẹ̀lú Ẹlẹ́tí Ọfẹ ní 1923. Èkó Ìgbẹ̀hìn dé ní 1926. Ní Ìbàdàn, D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ The Yoruba News ní 1924, inú rẹ̀ ni ó sì ti ń tẹ ewì rẹ̀ kí ó tó di ìwé ní 1927.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé ilé-iṣẹ́ ńlá ni àwọn wọ̀nyí. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń jẹ́ oní-ìwé, olóòtú àti akọ̀ròyìn pa pọ̀. Òun ni yóò lọ sí òkú, ìgbéyàwó àti àríyá, tí yóò sì padà wá jókòó kọ ọ́. Òun ni yóò tọ oníṣòwò lọ fún ìpolówó ọjà. Kò sí ọ̀gá tí yóò san owó oṣù fún un. Àwọn tí ń kà á ni ọ̀gá rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ń gba ìwé ní àwìn. Kì í ṣe ohun àjèjì pé kí ojú ewé tí ó yẹ fún ìròyìn kún fún ẹ̀bẹ̀ àti ìbáwí sí àwọn ajẹgbèsè.

Irú ipò yìí ni Isaac Babalọlá Thomas bọ́ sí nígbà tí ó dá Akéde Èkó sílẹ̀ ní 1928. Ọdún 1888 ni a bí i, ó sì ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ rí. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ìwé rẹ̀ ń jáde, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sì jùmọ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó bá rin ìrìn àjò lọ sí òkè, kì í lọ lásán. Ohun tí ó rí lọ́nà, irú ọkọ̀ tí ó wọ̀, ilé tí wọ́n gbà á sí àti oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un, gbogbo rẹ̀ di ìròyìn. Akíntàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òǹkàwé òde òní bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ilẹ̀ Nàìjíríà ti rí nígbà náà, inú àwọn ìrìn àjò wọ̀nyí ni yóò ti rí i kedere ju inú àkọsílẹ̀ ìjọba lọ.

Ní oṣù Keje 1929, lẹ́tà kan jáde nínú Akéde Èkó. Obìnrin kan ni ó sọ pé òun kọ ọ́. Ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó sì fẹ́ ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Lẹ́tà yìí ń tẹ̀ lé ara wọn títí di oṣù Kẹta 1930. Àdúgbò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ó ń dárúkọ, ó sì ń rántí orin tí Èkó ti kọ rí, tí àwọn àgbà kò tíì gbàgbé. Gbogbo ìlú kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé sí olóòtú láti kẹ́dùn, àwọn mìíràn láti bá obìnrin náà wí. Àwọn kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ kí ó lè tọ́jú ara rẹ̀.

Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà náà, tí ó sì ń dáhùn wọn bí olóòtú tí kò mọ nǹkan kan.

Ìhín ni àríyànjiyàn wà. Àwọn kan yóò ní ẹ̀tàn ni, nítorí ìwé ìròyìn ni a rà, kì í ṣe ìtàn àròsọ. A kò sì gbọdọ̀ fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ní ti ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ sí aláìsàn tí kò sí láyé. Ṣùgbọ́n kí a wo ohun tí ó jẹ́ kí irọ́ náà wọlé. Thomas mọ ìgboro Èkó, ó mọ bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ti ń ṣépè àti bí wọ́n ti ń yin ara wọn. Ẹni tí kò bá ti fẹsẹ̀ rin àdúgbò kò lè pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kí ará àdúgbò gbà á gbọ́. Ìròyìn tí ó ti ń kó jọ tẹ́lẹ̀ ni ó yí padà di ìtàn.

Ní 1930 kan náà ni àwọn lẹ́tà náà di ìwé, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣì ń pè ní àkọ́kọ́ nínú ìtàn àròsọ Yorùbá. Thomas kú ní 1963. Ìwé rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwátì kí Karin Barber tó tún un tẹ̀ ní 2012, pẹ̀lú ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì fi àwọn lẹ́tà tí àwọn òǹkàwé ayé ìgbà náà kọ sí olóòtú kún un.