Fọ́ọ̀mù Ìrànlọ́wọ́ Tí Ó Di Àkọsílẹ̀ Ìtàn

Láàrin ọdún 1958 sí 1961, wọ́n ń ta oògùn thalidomide ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn aboyún lò ó láti fi dá èébì dúró, ọ̀pọ̀ ọmọ ni a sì bí láìní apá tàbí ẹsẹ̀ pípé. Nígbà tí ariwo ọ̀rọ̀ náà gbòde ní 1972, ìjọba ya mílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún àwọn ìdílé mìíràn tí a bí àbùkù ara líle mọ́ ọmọ wọn. Báyìí ni Family Fund ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìlú York ní 1973.

Owó náà lè ra ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí fọ́ọ̀mù tí òbí ń kọ kí owó tó jáde: ọjọ́ orí ọmọ, irú àìlera rẹ̀, bí ilé ti rí. Ìrànlọ́wọ́ ni òbí ń tọrọ. Kò mọ̀ pé ìtàn ni òun ń kọ. Jonathan Bradshaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì York fi àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ṣe ìwádìí. Láti inú wọn ni Sally Baldwin ti yan àwọn ìdílé tí ó fi ìnáwó wọn wé ti ẹlòmíràn. Ìwé rẹ̀ ti 1985 fi hàn pé ìtọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fi kún ìnáwó, ó sì ń dín owó iṣẹ́ ìyá kù.

Àléébù kan wà níbẹ̀, kò sì kéré: ọmọ tí òbí rẹ̀ kò béèrè kò sí nínú ìwé. Àwọn kan kò gbọ́ rárá. Àwọn mìíràn ń tijú, ìtìjú yìí kò sì ṣàjèjì láàrin wa. Iye àwọn tó béèrè ni àkọsílẹ̀ náà ń sọ, kì í ṣe iye àwọn ọmọ tó wà nílé.