Àrọ́bá ni Baba Ìtàn

Bí ọmọdé kò bá ìtàn, a bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ẹni tí ìṣẹ̀lẹ̀ kò ṣojú rẹ̀ yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣáájú rẹ̀: ìtumọ̀ òwe náà nìyẹn. Àmọ́ oríṣi méjì ni àrọ́bá tí à ń fi tọpa ìran ẹni, a sì máa ń pò wọ́n pọ̀.

Èkíní ni àmì ilé: oríkì orílẹ̀, ilà ojú, èèwọ̀. Èkejì ni ìlà ìran: ta ló bí ta, ta ni àkọ́bí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tó bá mọ oríkì ilé kan dáadáa ti fi hàn pé ọmọ ilé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ló sábà máa ń mọ oríkì ilé ọkọ wọn jù, bẹ́ẹ̀ ibòmíràn ni wọ́n ti wá. Oríkì lè fo ìran mẹ́ta, ó lè so ti bàbá mọ́ ti ìyá, ó sì lè pe baba ńlá ní baba bí ẹni pé òun gan-an ló bí ẹni tí à ń kì. Ilé tí a ti wá ló ń sọ. Kì í ka iye àgbà tó wà láàárín àwa àti ẹni tó tẹ ilé náà dó.

Bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà nìyẹn. Àwọn ajagun ẹlẹ́ṣin tó nílẹ̀ máa ń ya àmì ìdílé sára asà. Ní 1385, nígbà tí Ọba Richard Kejì kó ogun lọ sí Scotland, Richard Scrope rí i pé Robert Grosvenor gbé àmì kan náà pẹ̀lú òun: ọ̀já wúrà tó dábùú lórí búlúù. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́. Ẹlẹ́rìí tó lé ní igba ló jẹ́rìí, akéwì Chaucer sì wà lára wọn ní 1386. Ní 1390, Scrope jàre pátápátá. Àmì kan, ilé méjì tí kò bára tan.

Kíka orúkọ àwọn ọba pẹ̀lú máa ń ṣini lọ́nà. Ní Kétu, àgbà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kíka àwọn Alákétu lẹ́sẹẹsẹ nígbà tí ọba tuntun bá jẹ. Iṣẹ́ ọlọ́lá ni. Ṣùgbọ́n ilé márùn-ún ló ń jọba níbẹ̀ ní ìyípo; ẹni tó bá ka ọba mẹ́wàá kò tíì ka ìran mẹ́wàá.

Ohun tó ń fi ìlà ìran hàn ni ẹ̀rí tó so mọ́ ohun kan tó ṣẹlẹ̀. Láyé àtijọ́, bí onílẹ̀ tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì bá kú, tí àrólé rẹ̀ ṣì kéré, ọba ló ń di ilẹ̀ náà mú títí ọmọkùnrin náà yóò fi pé ọdún 21. Kò sí ìwé ìbí nígbà náà, ẹlẹ́rìí ló ń fi hàn pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti pé. Ẹlẹ́rìí kan á ní òun rántí ọjọ́ ìbí náà nítorí ọjọ́ náà ni ìyàwó òun bímọ. Òmíràn á ní ọjọ́ náà ni òun já bọ́ lórí ẹṣin. Àwọn ìyá wa náà ń sọ bẹ́ẹ̀: ọdún eéṣú ni mo bí ẹ̀gbọ́n rẹ. Ṣùgbọ́n ìwé tí kóòtù fún ọ̀pọ̀ àgbà wa ní Bẹ̀nẹ̀ kò sọ ju “né vers 1930” lọ, ìyẹn ni pé a bí i ní nǹkan bí 1930. Akọ̀wé kọ ọdún, ó fi eéṣú sílẹ̀. Eéṣú yẹn sì ni ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Daagbé àti gbogbo Ifangni ní Bẹ̀nẹ̀, nítorí ilẹ̀ àti ogún. Òfin ilẹ̀ ti 14 oṣù kẹjọ 2013 ti la ọ̀nà ìwé fún ẹni tó di ilẹ̀ mú nípa àṣà. Òfin ìdílé ti 2004 sì fún ọmọbìnrin ní ìpín ogún kan náà pẹ̀lú ọmọkùnrin, bẹ́ẹ̀ orúkọ ọmọbìnrin ni àrọ́bá ń tètè fò.

Àrọ́bá ni baba ìtàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu àgbà ló ń gbé, àgbà kì í sì í dúró deni. Nítorí náà, ẹ má kọ́kọ́ ní kí wọ́n kì yín. Ẹ bá wọn dé ààlà oko ọ̀pẹ, nídìí pèrègún. Ẹ bi wọ́n pé ta ló gbìn ín, ta ló dúró ní òdìkejì ààlà lọ́jọ́ náà, ta ni wọ́n gbé pọ̀n sẹ́yìn nígbà yẹn, yàrá wo ni wọ́n sin ẹni tó gbìn ín sí. Kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn arábìnrin rẹ̀ sílẹ̀.