Kì Í Ṣe Búdà, Àgbẹ̀ Ìrẹsì Ni

Lọ́jọ́ Àìkú kan ní ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Likosi, lẹ́yìn tí a jẹ ìkókoré yó, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ẹní lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ki nǹkan bọ etí, ó dijú, ó jókòó jẹ́ẹ́. Adìẹ ń ṣa ilẹ̀ jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mira. Ìyá rẹ̀ ń wò ó láti ojú fèrèsé. Nígbà tó pẹ́, ó rọra bi mí pé, "Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọmọ yìí báyìí?"

Nǹkan ń ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀rù. Àníyàn ni. Ó jáde yunifásítì, kò ríṣẹ́, ó wá ń ṣe POS lẹ́bàá títì. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti há owó oníbàárà mọ́nú báyìí, àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì. Tó bá di òru, oorun á kọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fi áàpù kan hàn án pé kó máa gbọ́ ọ.

"Àṣàrò ni, Bọ̀dá," ló wí nígbà tó wọlé.

"Àsáró?" ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ìkókoré tí o jẹ kò tó ọ ni?"

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tán, iyàn dé. Ọmọ ní Búdà ló ṣe é ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ààbọ̀ sẹ́yìn láti fi wo àníyàn sàn, pé bó ṣe fi í lélẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ohùn inú fóònù ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìyá ní pásítọ̀ ti kìlọ̀ fún wọn, òrìṣà Índíà ni, bí èèyàn bá dijú báyẹn kò mọ ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún. Mo jókòó sáàárín wọn, mo sì rí i pé àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan: pé Búdà ló ni ín, bó ṣe wà látijọ́ ló ṣe wà lónìí. Rere àti búburú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jà sí. Èmi sì rò pé ibi tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan yẹn gan-an ni wọ́n ti ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká yà lọ́dọ̀ Búdà fúnra rẹ̀, a ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìwé mímọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, èyí tó wà ní èdè Pálì, kò sọ pé òun ló dá àṣàrò sílẹ̀. Ohun tó sọ ni pé kó tó di Búdà, ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ olùkọ́ méjì, Alara Kalama àti Uddaka Ramaputta. Ó mọ tiwọn débi tí wọ́n mọ̀ ọ́n dé, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Nǹkan náà ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Èyí tó sì fi tirẹ̀ ń wá kì í ṣe oorun àsùngbádùn. Ọ̀nà àtibọ́ lọ́wọ́ ìbí àti ikú àti àtúnbí ló ń wá, kó má tún padà sáyé mọ́ rárá. Ẹ wò ó: ohun tí àwa ń sọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé nítorí rẹ̀, tí à ń jó, tí à ń yọ̀, òun ló ń sá fún. Ta ni nínú àwọn tó ń ta áàpù ló ń polówó ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń polówó ọjà náà pàápàá, ó ti rìn jìnnà. Sati ni Pálì ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpìlẹ̀ ò ju ìrántí lọ. Ní 1881 ni T. W. Rhys Davids, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí ní Ceylon, tú u sí "mindfulness", orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí dòní.

Lẹ́yìn Búdà, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ará ilé, ìyẹn ẹni tí kì í ṣe mọ́ńkì, kì í sábà jókòó ṣàṣàrò. Àwọn mọ́ńkì ló ni ín, kì í sì í ṣe gbogbo mọ́ńkì. Tálákà ẹlẹ́sìn Búdà á dìde láàárọ̀, á bu oúnjẹ sínú àwo mọ́ńkì tó ń kọjá, á pa òfin mọ́, á máa retí pé ayé tí òun ń bọ̀ wá á sàn ju èyí lọ. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé tí kò jókòó wo èémí rẹ̀, á wò yín bí àgbẹ̀ olóbì ní Ìkẹ́nnẹ́ ṣe máa wò yín tí ẹ bá ní kó wá máa ki odù bíi babaláwo. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ni.

Kí ló wá gbé e kúrò lọ́wọ́ mọ́ńkì? Ìbọn Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ní 1885, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Mandalay, olú ìlú Bọ́mà, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Wọ́n mú Ọba Thibaw, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Índíà. Ọba yẹn ni òpó ẹ̀sìn níbẹ̀, òun ló ń gbọ́ bùkátà àwọn mọ́ńkì àgbà. Ọba lọ tán, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ṣé ẹ̀sìn náà kọ́ ló ń lọ yẹn. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ìjẹ̀bú kò nílò àlàyé púpọ̀, torí ọdún 7 péré lẹ́yìn èyí, ní 1892, ìbọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló fọ́ Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n.

Mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Ledi Sayadaw (1846–1923) ló mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kùnkúndùn. Èrò rẹ̀ ni pé bí ẹ̀sìn kò bá ní ọba tí yóò gbé e dúró mọ́, kí olúkúlùkù ará ilé gbé e sọ́wọ́. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń kọ ìwé ní èdè tó yé aláìmọ̀wé, ó ń kọ́ ọlọ́jà àti àgbẹ̀ ní ohun tó jẹ́ ti àwọn mọ́ńkì látẹ̀yìnwá. Erik Braun, onímọ̀ ìtàn ẹ̀sìn, ló tú ìtàn yìí palẹ̀ dáadáa nínú ìwé rẹ̀ The Birth of Insight ní 2013. Ẹni tó bá kà á kò ní lè sọ mọ́ pé látayébáyé ni gbogbo èèyàn ti ń ṣàṣàrò.

Lára àwọn tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ Ledi, ẹnì kan wà tí mi ò lè gbójú fò. Saya Thetgyi ni wọ́n ń pè é. Wọ́n bí i ní 1873 ní abúlé kan ní òdìkejì odò Rangoon, àgbẹ̀ ìrẹsì ni, ó níyàwó, ó bímọ. Ní 1903, àrùn onígbáméjì wọ abúlé wọn, ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó bá a lọ. Ọkàn ọkùnrin náà kò balẹ̀ mọ́. Ó fi oko sílẹ̀ fún ẹbí rẹ̀, ó rìn káàkiri Bọ́mà tọ olùkọ́ yìí tọ olùkọ́ yẹn, ó dé ọ̀dọ̀ Ledi, ó wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Nígbà tó yá, ó padà sí abúlé, ó ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àgbẹ̀. Kò fárí, kò wọ aṣọ mọ́ńkì. Lóòótọ́, ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ ní kó wá náà ló ń wá, ìyẹn ìbọ́ lọ́wọ́ ikú. Ṣùgbọ́n ohun tó lé e jáde nílé ni àìlèsùn ẹni tó sìnkú ọmọ. Bí a bá ń wá ẹni tó jọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nínú ìtàn yìí, kì í ṣe Búdà, ọmọ ọba tó kúrò láàfin, ni. Àgbẹ̀ yìí ni.

Ní 1937, akọ̀wé ìjọba kan tọ Thetgyi wá kọ́ ọ. U Ba Khin ni. Nígbà tí Bọ́mà gbòmìnira ní 1948, òun ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn oníṣirò owó ìjọba, ó sì ya yàrá kan sọ́tọ̀ ní ọ́fíìsì tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jókòó ṣàṣàrò. Ẹ fojú inú wò ó, ní sẹkitéríàtì! Ní 1955, oníṣòwò ọmọ Índíà kan tí wọ́n bí sí Mandalay, S. N. Goenka, wá bá a nítorí ẹ̀fọ́rí túúlu tó burú débi pé mọ́fíìnì ni wọ́n fi ń rọ̀ ọ́. Goenka ló gbé e dé Índíà ní 1969. Àbí ẹ ò rí i? Láti Bọ́mà ni irú èyí ti padà dé Índíà.

Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò ṣàì mọ irú nǹkan báyìí. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn 1918 pa èèyàn rẹpẹtẹ, àwọn ará ìjọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé gbàdúrà fúnra wọn, wọn ò dúró de àlùfáà. Ní 1926, ìjọ Áńgílíkà lé Josiah Oshitelu kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìran tó ń rí àti ààwẹ̀ tó ń gbà. Ní 1930, ó dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní Ògèrè, kò jìnnà sí Ṣágámù. Títí dòní, lóṣù kẹjọ ọdún, èrò ń gba ààwẹ̀ gun òkè níbẹ̀. Oshitelu kò gbọ́ orúkọ Ledi rí, Ledi kò mọ ibi tí Ògèrè wà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ará ilé níhìn-ín gba àdúrà lọ́wọ́ àlùfáà, ará ilé lọ́hùn-ún gba àṣàrò lọ́wọ́ mọ́ńkì. Ìyá tó ń gun òkè Ògèrè ní ààwẹ̀, tó sì ń bẹ̀rù ọmọ tó jókòó lórí ẹní, ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń bẹ̀rù.

Orúkọ Bọ́mà fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀ nígbà ogun Hitler, nínú dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ̀-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, fara gbọgbẹ́ ní àfonífojì Kaladan ní 1944. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló bọ́ ọ nínú igbó fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ní gbogbo àkókò yẹn, Saya Thetgyi ṣì wà láàyè ní gúúsù ilẹ̀ náà.

Ìyókù ìrìn àjò àṣàrò náà ò gba àkókò. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó lọ kọ́ ọ ní Éṣíà padà sílé, wọ́n ṣí ilé àṣàrò ní Barre, Massachusetts, ní 1976. Jon Kabat-Zinn, tó kàwé gboyè nípa ẹ̀dá oníyè, mú un wọ ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní 1979 fún àwọn tí ìrora kò fi sílẹ̀. Ó yọ ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀, ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Èyí tó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ Zen, ẹ̀ka mìíràn nínú ẹ̀sìn Búdà, náà wà nínú rẹ̀, n kò ní purọ́ pé Bọ́mà nìkan ni. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sínú fóònù.

Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tí ẹ lè bá pàdé ní Èkó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Soka Gakkai, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Jàpáánù ní 1930, ọdún Ògèrè gan-an. Wọn kì í jókòó dákẹ́. Ohùn òkè ni wọ́n fi ń pe gbólóhùn mímọ́ wọn. Ẹ̀sìn Búdà tòótọ́ ni, kò sì jọ ti inú áàpù.

Àwọn kan tún wà, tí n kò ní dárúkọ, tí wọ́n ní inú Ifá ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Mo mọ bó ṣe ń dùn mọ́ wa tó, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Tiwa ni ẹ̀rọ̀: omi tútù, omi ìgbín, orí tí a fi nǹkan tù títí ara fi rọ̀. Àwa ń tu ohun tó gbóná. Ẹni tó jókòó bíi Thetgyi kò tu nǹkan kan, ń ṣe ló ń wo gbígbóná náà títí á fi lọ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni. Kí kálukú máa jẹ́ orúkọ tirẹ̀.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣe díẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2022, wọ́n pín àgbàlagbà 276 tí àrùn àníyàn ń bá fínra sọ́nà méjì. Apá kan gba ẹ̀kọ́ Kabat-Zinn, apá kejì lo oògùn escitalopram. Ẹ̀kọ́ náà kò gbẹ́yìn oògùn. Àmọ́ olùkọ́ wà níwájú wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é nílé fún ìṣẹ́jú 45 lójoojúmọ́, kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí oníbàárà tó dé. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá ìyẹn, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Arò ní Abẹ́òkúta kò jìnnà sí Ṣágámù.

Mo sọ gbogbo èyí fún àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ títí, ó wá béèrè orúkọ àgbẹ̀ náà. Ọmọ rẹ̀ wá a nínú áàpù náà láti òkè délẹ̀. Kò sí níbẹ̀.