Odi São Paulo àti Ìtàn Ẹnu Àwọn Ará Ibẹ̀

Ìjọba ológun tó gba Brazil ní ọdún 1964 kógbá sílé ní 1985, ìjọba tiwa-n-tiwa sì wọlé. Ṣùgbọ́n ní ìlú São Paulo, ìwà ipá ń peléke sí i ni. Teresa Caldeira, onímọ̀ nípa àṣà àti ìgbé ayé ẹ̀dá, kò fi ìwádìí rẹ̀ mọ sí àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá. Ó jókòó ti olówó àti tálákà, ó tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń ròyìn olè àti ìpànìyàn.

Ó rí i pé ìròyìn náà fúnra rẹ̀ ń ṣọṣẹ́: ó ń sọ tálákà àti àjèjì di afurasí. Àwọn olówó mọ odi gíga, wọ́n gba ẹ̀ṣọ́, wọ́n sì pa ojú pópó tì. Nígbà tí ọlọ́pàá pa ẹlẹ́wọ̀n 111 ní Carandiru ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá, ọdún 1992, ọ̀pọ̀ ará ìlú ló gbè sẹ́yìn wọn. Ìwé Caldeira lórí ọ̀rọ̀ yìí, City of Walls, jáde ní ọdún 2000.

Àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ní São Paulo, ògiri kò lanu. Ẹnu ará ilé ni ẹ̀rù gbà wọlé.