Àwo Tó Ń Yí Pẹ̀lẹ́ ní Wásinmi

Orúkọ Wásinmi kò nílò àlàyé fún ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá. Lágbègbè Ìkirè àti Àpòmù ló wà, lọ́nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré kọjá bí ẹni tí kò mọ̀wé kà. Ibẹ̀ la lọ lọ́jọ́ Sátidé kan láti lọ kó àwo orin.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni wá. Kọ̀ǹpútà la fi ń jẹun, jáásì la fi ń najú. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọ̀kan nínú wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló kú tó fi yàrá kan tó kún fún àwo sílẹ̀. Ìyàwó wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ rárá:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àbọ̀. Ẹ bá mi kó ẹrù bàbá yín yìí kúrò. Òjò ti ń jò sí i lórí, èmi náà sì ń wá ibi tí màá kó kòkó sí. Bí ẹ ò bá kó o, màá ní kí wọ́n lọ jó o ni."

Òótọ́ ni òjò ti jò. Ooru abẹ́ páànù sì ti ká àwọn àwo mìíràn kò bí ewé tí iná rà. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́kù ṣì pọ̀, bàbá sì kọ ọdún tí wọ́n rà á sí ẹ̀yìn páálí kọ̀ọ̀kan. A jókòó sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Àwa tí wọ́n bí lẹ́yìn 1985 máa ń rò pé jáásì jẹ́ nǹkan àwọn olówó Ìkòyí, àbí nǹkan tí wọ́n ń fi sí ilé ìtura kí àlejò má baà gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀. Irọ́ ni o. Ní 1934, Fela Sowande lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pé òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Jáásì ló fi ń wá owó oúnjẹ níbẹ̀, ó sì ń fi dùùrù bá Adelaide Hall ṣeré, obìnrin tó ti kọrin pẹ̀lú Duke Ellington ní 1927. Sowande ò padà ṣe ẹnjiníà mọ́. Àwa tí à ń fi òru gbọ́ orin nígbà tí iṣẹ́ ọ̀gá wà nílẹ̀, ẹnu wa ò gbà á láti bú u.

Àwọn tí kò ríbi wọkọ̀ ojú omi, rédíò ló gbé e wá bá wọn. Ní 1955, Willis Conover bẹ̀rẹ̀ ètò jáásì lórí Voice of America. Ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ fi fa ojú ayé mọ́ra nígbà tí àwọn àti Rọ́ṣíà ń bára wọn fa wàhálà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ orin kò bá wọn dá sí ìyẹn. Conover máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ lè bá a lọ.

Ní oṣù Kejìlá 1961, àwọn fúnra wọn wá sí Èkó: Lionel Hampton, Nina Simone, Randy Weston. Weston gbọ́ orin Bobby Benson, nígbà tó sì ṣe àwo Highlife ní 1963, ó fi "Niger Mambo" ti Benson sí i.

Páálí tó dá wa dúró ni The African Beat ti Art Blakey, tí wọ́n ṣe fún Blue Note ní oṣù Kìíní 1962. A yí i padà, a rí orúkọ Solomon Ilori, ọmọ Yorùbá tó ń lu gángan tó sì ń kọrin níbẹ̀. Òun ló ni ọ̀kan nínú àwọn orin náà, "Ife L'Ayo". Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Blue Note ṣe àwo tirẹ̀ fún un. Lórí fóònù wa, Art Blakey nìkan ló hàn. Iṣẹ́ wa ni láti máa kọ irú ètò bẹ́ẹ̀, a sì mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: ẹnì kan ṣe àyè kan ṣoṣo fún orúkọ olórin, ó bá lọ sùn. Orúkọ gbogbo àwọn yòókù dúró sẹ́yìn páálí, ẹ̀yìn páálí dúró ní Wásinmi, òjò sì ń jò sí i.

Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò nítòsí Bádágírì, kò sá pamọ́ bẹ́ẹ̀. Drums of Passion tirẹ̀, ti 1960, tà gan-an ní Amẹ́ríkà. Ó dá ilé àṣà sílẹ̀ ní Harlem, ibẹ̀ sì ni John Coltrane ti ṣeré lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹrin 1967. Ó kú lọ́jọ́ 17 oṣù Keje. Eré náà ló wà lára èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ kẹ́yìn nínú eré rẹ̀, ọdún 2001 ni wọ́n tó gbé e jáde. L'Ékòó, ẹ̀wẹ̀, Tony Allen ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ rédíò, ó ń fi àwo Blakey àti Max Roach kọ́ ara rẹ̀ nílùú, títí òun àti Fela fi pàdé. Ní 2017 ó ṣe àwo kékeré kan fi yẹ́ Blakey sí, Blue Note kan náà ló sì gbé e jáde.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Màmá. A tan ẹ̀rọ àwo bàbá, ó ṣiṣẹ́! Sasafóònù Coltrane jáde, ó jinlẹ̀, ó wúwo, bí àgbàlagbà tó ń ronú. A gba gbogbo àwo tó ṣì dára sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Alẹ́ ọjọ́ kẹta ni ọ̀kan nínú wa ṣàkíyèsí pé orin tí páálí sọ pé ó gba ìṣẹ́jú márùn-ún ń gba mẹ́fà.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà. Iná tibẹ̀ ń mì nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń mì nígbà 50, irú mọ́tọ̀ àtijọ́ yẹn sì ń tẹ̀ lé iná ni. Tiransífómà tí bàbá rà lè sọ iná 220 di 110, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 di 60. Àwo tó yẹ kó yí nígbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan ń yí ní bíi 27.8. Ohùn gbogbo lọ sílẹ̀ ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ lórí dùùrù. Bí bàbá ṣe gbọ́ Coltrane nìyẹn fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ojú tì wá díẹ̀ pé ojúlówó ẹnjiníà mẹ́ta gbọ́ ọ, kò fura. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: ìsodipúpọ̀ 1.2, ìlà kóòdù kan péré. A tún gbogbo rẹ̀ ṣe lóru ọjọ́ náà, a sì gbé e lọ fún Màmá láàárọ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Wọ́n ń ṣẹ́ ègúsí. Wọ́n gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n mi orí.

"Ó ti yá jù. Èyí kọ́ ni bàbá yín máa ń gbọ́."

A ṣàlàyé iná, a ṣàlàyé mọ́tọ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n èyí kọ́. A tan ti àkọ́kọ́ padà. Wọn ò sọ nǹkan kan mọ́, wọ́n ń ṣẹ́ ègúsí wọn lọ títí ojú àwo yẹn fi parí, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún dípò ogún.

Fódà méjì ló wà lórí kọ̀ǹpútà wa báyìí, a sọ ọ̀kan ní 33, a sọ èkejì ní 27. Kòkó ti wọ yàrá. Èyí tó ń jẹ́ 27 la fi sórí fóònù Màmá.