Kọ́kọ́rọ́ Tí Amẹ́ríkà Kà Mọ́ Ohun Ìjà

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1991, ọkùnrin kan wà ní ìlú Boulder, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, tí ó ti jẹ báńkì ní owó ilé oṣù márùn-ún. Phil Zimmermann ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì ta tẹ́tẹ́. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti pa iṣẹ́ tí ń mówó wọlé tì láti jókòó ti ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó fẹ́ kọ parí. Ó sọ ètò náà ní Pretty Good Privacy, tí gbogbo ayé gé kúrú sí PGP. Ohun tó ń ṣe kò ju pé kí èèyàn kọ lẹ́tà sórí kọ̀ǹpútà, kí ó fi ẹnà dì í, kí ó jẹ́ pé ẹni tí a kọ ọ́ sí nìkan ni yóò lè tú u. Nítorí èyí ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe tọpinpin rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, bí ẹni tí ó kó ìbọn gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ pé ẹnà kì í ṣe àjèjì nílé wa. Àwọn ọmọ ń fọ ẹnà kí ìyá wọn má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn bàbá wa ń pàrokò: wọ́n lè sín owó ẹyọ mẹ́fà sínú okùn, kí ẹni tó gbà á mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ fà sí òun. Ẹni tó gbé e lọ lè má mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àlébù kan wà lára gbogbo ẹnà àtijọ́, ìbáà ṣe tiwa, ìbáà ṣe ti òyìnbó: ẹni méjì ní láti kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà ní Ìbàdàn, tí ìkejì wà ní London, tí wọn kò tíì fojú kan ara wọn rí, báwo ni wọn ó ṣe fẹnu kò tí ẹlòmíràn kò fi ní í gbọ́?

Ọdún 1976 ni Whitfield Diffie àti Martin Hellman ti Yunifásítì Stanford gbé ìdáhùn jáde. Ní 1977, àwọn mẹ́ta kan ní MIT, Rivest, Shamir àti Adleman, rí ọ̀nà ìṣirò tí ó mú un ṣeé lò. Ẹ fi wé ìyá oníṣòwò kan tí ó pín àgádágodo tirẹ̀ káàkiri ọjà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí i á kó o sínú àpótí, á fi àgádágodo ìyá tì í pa. Bó bá ti tì í tán, òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣí i mọ́. Ọwọ́ ìyá nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà. Àgádágodo yìí ni nọ́ńbà gàgàrà tí èèyàn ń fi han gbogbo ayé. Kọ́kọ́rọ́ ni nọ́ńbà kejì, tí kì í fi han ẹnikẹ́ni.

Títí di àkókò yẹn, àwọn ológun àti amí ló ni irú nǹkan báyìí. Nínú òfin Amẹ́ríkà, inú ìwé kan náà tí wọ́n kọ ọkọ̀ ogun àti ọta ìbọn sí ni wọ́n kọ ẹnà sí. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ sókè òkun gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ bí oníṣòwò ìbọn.

Kí ló wá ń lé Zimmermann léré? Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1991, Sẹ́nétọ̀ Joe Biden, ẹni tó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 2021, gbé àbá òfin kan síwájú Ilé Aṣòfin Àgbà. Gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ pé kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ rí i pé ìjọba lè ka ọ̀rọ̀ aráàlú ní kedere nígbà tí òfin bá yọ̀ǹda. Zimmermann ti bá àwọn tó ń tako bọ́ǹbù átọ́míìkì ṣiṣẹ́ láti ìgbà 1980, ó sì mọ bí ìjọba ṣe ń ṣọ́ irú wọn. Ó ní kí ètò òun tètè jáde kí òfin tó dé. Kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Kò pẹ́ tí PGP fi kúrò ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò nínú àbá òfin, ṣùgbọ́n omi ti dànù.

Ní 1993, àwọn aṣọ́bodè bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí Yeltsin ń yin àgbá lu ilé aṣòfin ní Moscow, ẹnì kan kọ̀wé sí i láti Latvia pé bí ìjọba ipá bá tún gba Rọ́ṣíà, PGP ti tàn káàkiri ibẹ̀, yóò sì ran àwọn olóòótọ́ lọ́wọ́. Ẹ wò ó: ohun tí wọ́n fi ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀ nílé, òun ni wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lókèèrè.

Ìjọba Bill Clinton kò sì jókòó lásán. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin 1993, wọ́n kéde Clipper, ègé ẹ̀rọ kékeré kan tí wọn ó máa fi sínú tẹlifóònù. Iléeṣẹ́ NSA, tí ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ káàkiri ayé fún Amẹ́ríkà, ló ṣe ẹnà inú rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ bá sọ ni yóò dì, kò sí aládùúgbò tó lè gbọ́ ọ. Àmọ́ wọ́n ti gé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí méjì, iléeṣẹ́ ìjọba méjì sì ń tọ́jú ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ilé-ẹjọ́ bá pàṣẹ, ọlọ́pàá á gba ààbọ̀ méjèèjì, á so wọ́n pọ̀, á sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ká má purọ́, ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù kì í ṣe àlá. Oṣù Kejì ọdún yẹn ni bọ́ǹbù bú ní World Trade Center ní New York, tí èèyàn 6 kú.

Àwọn tó kọ́kọ́ fárí gá ni àwọn tó ń pe ara wọn ní cypherpunk, ẹgbẹ́ tí Eric Hughes, Tim May àti John Gilmore dá sílẹ̀ ní California ní 1992. Èrò àwọn kan nínú wọn le ju ti Zimmermann lọ. Láti 1988 ni May, tó ti ṣiṣẹ́ ní Intel rí, ti kọ ọ́ pé ẹnà ni yóò já ìṣòwò gbà lọ́wọ́ ìjọba, tí gbígba owó-orí yóò fi dogun. Èmi ò bá a dé ibẹ̀ yẹn o. Bí kò bá sẹ́ni tó ń san owó-orí, ta ni yóò tún títì ṣe? Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ Clipper, kì í ṣe irú May nìkan ló yarí. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ yarí, àwọn oníṣòwò yarí. Àbí ará òkèèrè wo ni yóò fowó ra tẹlifóònù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní Washington?

Ohun tó wá dójú ti ètò náà jù ṣẹlẹ̀ ní 1994. Matt Blaze, tó ń ṣiṣẹ́ fún AT&T, iléeṣẹ́ tó ti gbà láti ṣe tẹlifóònù náà gan-an, yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ó rí i pé nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ibi tí ọlọ́pàá ó gbà wọlé pé kò ju bit 16 lọ. Ẹni tó bá ní sùúrù lè dá ayédèrú kalẹ̀ títí ọ̀kan á fi bọ́ sí i. Á wá máa lo ẹnà ìjọba, ìjọba ò sì ní rí nǹkan kan gbọ́. Nígbà tí ó fi di 1996, Clipper ti kú.

Ti Zimmermann ńkọ́? Ní 1995, MIT tẹ gbogbo ìlànà inú PGP jáde bí ìwé, lójú ewé tí ẹ̀rọ lè kà padà sínú kọ̀ǹpútà. Òfin tó fòfin de díìsìkì kò lè fòfin de ìwé, nítorí ìwé ti sá sábẹ́ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Ohun kan náà wá di ìbọn lórí díìsìkì, ó di ìwé kíkà nínú bébà. Àwọn kan tilẹ̀ tẹ ìlà ẹnà díẹ̀ sára aṣọ, wọ́n wọ̀ ọ́ kiri. Ní oṣù Kìíní 1996, ìjọba pa ìwádìí Zimmermann dé láìfẹ̀sùn kàn án. Ní oṣù Kẹrin, nínú ẹjọ́ tí Daniel Bernstein pe ìjọba, Adájọ́ Marilyn Hall Patel sọ pé ìlànà kọ̀ǹpútà ọ̀rọ̀ ẹnu ni lójú òfin. Ní 2000, wọ́n tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òfin náà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, iléeṣẹ́ Netscape ní láti ṣe oríṣi méjì ètò tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì: èyí tó nípọn fún Amẹ́ríkà, èyí tó fẹ́lẹ́ fún gbogbo àwa tó kù. Bit 40 ni tiwa. Ní oṣù Kẹjọ 1995, ọmọ Faransé kan kó àwọn kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó já a láàárín ọjọ́ 8.

Òfin yí padà, àgádágodo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò kúrò nílẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2015, àwọn olùwádìí rí i pé ó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, àti pé a lè tan ọ̀pọ̀ fóònù kí wọ́n gbà á lò: kọ́kọ́rọ́ bit 512 tí òfin ìgbà náà fi mọ sí òkèèrè. Wákàtí bíi méje àti owó bíi dọ́là 100 ti tó láti já a lórí kọ̀ǹpútà àyálò. Ojúlé tí wọ́n fi dán an wò fún aráyé ni ti NSA.